Rust Dé o, Ẹ̀yin Ìyálé, Ẹ Gbálẹ̀

Ẹ̀yin èdè ìkọ sọ́fítíwia tó ti pẹ́ nílé, ẹ̀yin ni ìyálé. Màmá COBOL, láti 1959 tẹ́ ẹ ti délé, ẹ ṣì ń ka owó ní báńkì. Nígbà tí àrùn Kòrónà kó àwọn tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn bo kọ̀ǹpútà ìpínlẹ̀ New Jersey ní 2020, gómìnà Phil Murphy fúnra rẹ̀ ló bọ́ síta tó ń wá ẹni tó ṣì gbọ́ COBOL. Gèlè yín ga lọ́jọ́ yẹn!

C++, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá. Ní 2019 Microsoft ní nínú gbogbo ihò ààbò táwọn ń dí lọ́dọọdún, nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ti ìlòkulò mẹ́mọ́rì, ẹ̀yin àti C ẹ̀gbọ́n yín sì ni baba ìsàlẹ̀. Yàrá tẹ́ ẹ ti kó kúrò, ẹ ṣì ń sùn níbẹ̀. Ní 2024, White House rọ àwọn tó ń kọ sọ́fítíwia pé kí wọ́n wá èdè mìíràn.

Rust ni ìyàwó tuntun. Graydon Hoare, òṣìṣẹ́ Mozilla, ló délé ní Vancouver lọ́jọ́ kan ní 2006 tó bá lífítì tó ti kú; sọ́fítíwia rẹ̀ ló dákú. Ó fẹsẹ̀ gun òkè títí dé àjà kọkànlélógún. Ẹlòmíràn ì bá fi lánlọ́ọ̀dù ré. Èdè lòun lọ dá sílẹ̀.

Ìyàwó yìí le o. Sọ pé kó yá ọ ní ìkòkò: títí dìgbà wo? Ta ló tún dì í mú? Ṣé wíwò lo fẹ́ wò ó, àbí o fẹ́ bù ú? Bí ìdáhùn rẹ ò bá tẹ́ kọ̀ǹpáílà rẹ̀ lọ́rùn, á kọ̀, á tún kọ lẹ́tà ṣàlàyé ìdí tó fi kọ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì burú jù ú lọ. Bí inú bá ń run ọ́, wọ́n á ní kó o fi Rust tún inú kọ.

Kí ló dé táwọn olówó fi ń du ìyàwó olóríkunkun? Ẹ béèrè lọ́wọ́ Java. Oracle ra Sun, iléeṣẹ́ tó ni Java, ní 2010, Java bá ẹrù dé, ọdún ò tíì yí tí wọ́n fi gbé Google lọ sílé ẹjọ́ nítorí Java. Ọdún 2021 ni ẹjọ́ náà tó parí nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Google borí, lọ́yà yó. Lọ́dún yẹn kan náà ni Amazon, Google, Microsoft, Huawei àti Mozilla, àwọn tí ì bá máa gba oníbàárà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, para pọ̀ dá àjọ Rust sílẹ̀. Ẹ má pè é ní ìfẹ́. Ohun tí kálukú ń sá fún ni kí ọ̀tá òun di àna tí yóò máa gba owó orí ìyàwó lọ́dọọdún. Bí èdè ò bá ti sí lápò ẹnìkan, iṣẹ́ ọwọ́ ló kù tí wọ́n máa fi du ọjà. Ẹni tó ń ta sọ́fítíwia oníhò, tó tún ń ta àtúnṣe rẹ̀, ni kó wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tíì kó ẹrù C++ síta. LLVM tí kọ̀ǹpáílà Rust gùn lé, C++ ni wọ́n fi kọ ọ́.