Ìgbòkun Ńlá, Ẹ̀fúùfù Kékeré

Láàárín gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Erékùṣù Wight ni omi tí wọ́n ń pè ní Solent wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó, ọkọ̀ onígbòkun máa ń rọ́ jáde láti odò Hamble ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n tó rí i pé atẹ́gùn tó wà nílẹ̀ kò lè pa àbẹ́là. Ìṣàn omi ibẹ̀ kò mọ̀ pé ìsinmi ni wọ́n bá wá. Ní Hurst, níbi tí omi ti fún, ó máa ń sáré ju knot 4 lọ nígbà òṣùpá àrànmọ́jú.

Ibẹ̀ ni ojú ti ti ọkùnrin kan tí a ó máa pè ní Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tán. Mo mọ ọkùnrin náà dáadáa. Bàtà tó wọ̀ lọ́jọ́ náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, iyọ̀ òkun ò tíì tán lára rẹ̀.

Ọmọ Èkó tó ti pẹ́ ní Southampton ni. Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìlàjẹ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ni ọkọ̀ tí wọ́n jọ ń wà. Kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 28 lọ. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán ní Yarmouth, lápá ìwọ̀ oòrùn erékùṣù náà. Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tán gbọ́ pé ẹ̀fúùfù kò ní í pọ̀, inú rẹ̀ sì dùn, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra genoa tòkunbọ̀ kan ni, wọ́n kọ 150 sára àpò rẹ̀. Ó ti kà á níbì kan pé bí ẹ̀fúùfù bá ṣe kéré tó ni kí ìgbòkun tóbi tó. Kò ka ojú ewé kejì.

Ìgbòkun iwájú tí kò kọjá òpó ni jib. Èyí tó bá gùn kọjá òpó sẹ́yìn ni genoa, tó gba orúkọ lọ́dọ̀ ìlú kan ní Ítálì, níbi tí Sven Salén, ọmọ Sweden, ti gbé irú rẹ̀ díje ní 1926. Nọ́ńbà ara rẹ̀ sì nìyí: wọ́n á wọn ìgbòkun láti etí iwájú dé igun ẹ̀yìn, wọ́n á fi wé àyè tó wà láti òpó dé imú ọkọ̀. Bó bá jẹ́ ìlọ́po kan àti ààbọ̀ àyè náà, 150 nìyẹn. Ṣùgbọ́n imú ọkọ̀ ta ni? Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tán ò bi ẹni tó tà á fún un. Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 36 ni wọ́n rán ìgbòkun náà fún.

Wọ́n fà á sókè títí okùn fi kan orí òpó, etí iwájú rẹ̀ ṣì dẹ̀. Igun ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n tó di ìtọ́kọ̀ mú, kò sì síbi tí wọ́n lè so okùn rẹ̀ mọ́ tó máa fà dáadáa. Dacron ni aṣọ rẹ̀, ó nípọn, wọ́n ṣe é kó lè fara da ẹ̀fúùfù líle. Nínú atẹ́gùn tí kò ju knot 4 lọ, ó rọ̀ wálẹ̀ bí agbádá tí wọ́n sá lẹ́yìn òjò. Bí ìgbì ọkọ̀ ńlá kan bá ti mi wọ́n, ìgbòkun á gbá òpó pàà, ìwọ̀nba atẹ́gùn tó ti kó sínú á sì dà nù.

"Àbúrò, ó wúwo," Ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ fún un láyè, Ẹ̀gbọ́n. Ó máa tó gbéra."

Ló bá fa okùn rẹ̀ le. Àṣìṣe tó máa ń pa gbogbo ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ nìyẹn: wọ́n rò pé ìgbòkun tí kò ṣiṣẹ́ ń fẹ́ kí wọ́n fà á sí i. Nínú ẹ̀fúùfù lẹ́lẹ́, ńṣe ni wọ́n ń tú okùn díẹ̀ kí ìgbòkun lè ní ikùn, kí àwọn òwú kéékèèké tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí iwájú rẹ̀ lè máa fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ní ọjọ́ náà, gbogbo òwú náà ń wo ilẹ̀. Bàbá àti ìyá òyìnbó kan kọjá nínú ọkọ̀ onígi àtijọ́, jib wọn kékeré fẹ́lẹ́, ó kún dáadáa, wọ́n juwọ́ sí wa. Sí wọn, ni mo fẹ́ wí.

Ọ̀rọ̀ ìbá mọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tán ti ka ìtàn ìgbòkun tí wọ́n ń pè ní Code Zero. Nínú ìdíje Whitbread ti 1997 sí 1998 tó yí ayé ká, àwọn tó wà lórí ọkọ̀ EF Language, tí Paul Cayard jẹ́ ọ̀gá wọn, rí ọgbọ́n dá sí òfin. Òfin ní kí àárín spinnaker, ìgbòkun oníkùn tí wọ́n ń lò fún ẹ̀fúùfù ẹ̀yìn, fẹ̀ tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n rán èyí tó kúnjú òfin, àmọ́ tó tẹ́ débi pé ó lè kojú ẹ̀fúùfù tó ń bọ̀ láti iwájú, àwọn ni wọ́n sì gba ìdíje náà. Ẹ̀gbọ́n ní cruising chute kan nínú ọkọ̀, náílọ́ọ̀nù pupa òun funfun. Lójú Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tán, ìgbòkun náílọ́ọ̀nù kan kò yàtọ̀ sí òmíràn.

Ó yàtọ̀. Wọ́n gé ikùn sínú cruising chute, ẹ̀fúùfù ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀fúùfù ọjọ́ náà sì ń bọ̀ láti iwájú gan-an. Bó ṣe fa chute náà sókè, ó gbọ̀n, ó lọ́ mọ́ okùn irin iwájú ọkọ̀, ó há. Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tán sáré tú okùn tí kò yẹ kó tú, gbogbo rẹ̀ já sómi, ọkọ̀ sì gun orí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ò tilẹ̀ fẹ́ tí a ti rí fùrọ̀ adìẹ.

"Ẹja mélòó lo rí pa?" Ẹ̀gbọ́n bèèrè.

Ìgbà yẹn ni omi yí padà. Láti àárọ̀, ìṣàn omi ti ń gbé wọn lọ síwájú, sínú ẹ̀fúùfù, ní nǹkan bíi knot 2. Ẹ̀fúùfù 4, ìṣàn 2: ọkọ̀ ń rí 6. Nígbà tí omi yí, tó ń gbé wọn padà sẹ́yìn, 2 péré ló kù fún un. Agbára ẹ̀fúùfù sì ń tẹ̀ lé eré rẹ̀ ní ìlọ́po ara rẹ̀: 36 ti di 4. Ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ló ṣẹ́ kù, Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tán sì ń bú ẹni tó ta genoa fún un. Wọ́n ju ìdákọ̀ró sómi nítòsí Newtown, létí erékùṣù náà, kí wọ́n má bàa padà sẹ́yìn, wọ́n jẹ búrẹ́dì àti sadínì, Yarmouth sì wà lọ́hùn-ún, wọ́n ń wò ó.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Ẹ̀gbọ́n fa àpò kékeré kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọkọ̀. Drifter ni: genoa náílọ́ọ̀nù tín-ín-rín, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nígun rẹ̀ kó má bàa fà á wálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní nígbà tóun wà lọ́mọdé, òun máa ń wo àwọn apẹja Ọ̀sà Èkó tó ń rán àpò ìrẹsì àti àpò ìyẹ̀fun pọ̀ ṣe ìgbòkun, tí wọ́n ń lọ nígbà tí ọkọ̀ àwọn olówó dúró. Wọ́n fa ìdákọ̀ró, wọ́n kọrí sílé, ẹ̀fúùfù ti wà lẹ́yìn wọn báyìí. Ẹ̀gbọ́n fi ọ̀pá ti igun drifter síta, ó ní kí Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tán lọ jókòó síwájú, lápá ibi tí ìgbòkun wà, kó má sì mira, kí ọkọ̀ lè dẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí aṣọ sì dúró sáyè rẹ̀. Ó kún. Ìyẹn gan-an ni ìgbà tí cruising chute ìbá wúlò, àmọ́ ó ti mu omi yó, ó ń kán tótó lórí ọkọ̀.

Lójú tèmi, genoa tó wà láàárín 130 sí 135 lórí ohun èlò tí ń ká a tó fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbafẹ́, kí drifter kan wà nínú àpò fún ọjọ́ tí atẹ́gùn bá sá. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ìgbòkun, ẹ wọn àyè láti òpó dé imú ọkọ̀ tiyín kí ẹ tó sanwó. Bí ọkọ̀ yín bá sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 36, mo ní genoa kan tí mo fẹ́ tà. Iye tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ san.