Wọ́n Ní Àwọn Ń Lọ sí Aṣálẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, mi ò fẹ́ kí lánlọ́ọ̀dù gbọ́. Ṣé ẹ rántí Pijó 504 tó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa, tí adìẹ ń yé sínú rẹ̀? Wọ́n ti jí i dìde! Àwọn mẹkáníìkì mẹ́ta tó ń gbé yàrá ìkẹyìn ní ìje mọ́tò inú aṣálẹ̀ làwọn ń gbé e lọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mọ́tò yẹn lórúkọ. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni irú rẹ̀ gba ipò kìíní nínú ìje Safari ní Kẹ́ńyà, ó tún gbà á ní 1978. Àwa tí wọ́n ń há mọ́ inú rẹ̀ láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà, ta ló sọ fún wa?

Dakar ni wọ́n ń pe ìje inú aṣálẹ̀ ọ̀hún. Ọmọ Faransé kan, Thierry Sabine, sọnù sínú iyanrìn ní 1977. Ìgbà tí wọ́n yọ ọ́ tán, ó ní kí àwọn ẹlòmíì wá bá òun padà síbẹ̀! Ní oṣù kejìlá 1978, ọkọ̀ 182, àti alùpùpù àti mọ́tò, gbéra ní Paris. 74 ló fojú kan ìlú Dakar. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Marreau gbé Renault 4, wọ́n sì ṣe ipò karùn-ún.

Àmọ́ ti ọmọ Thatcher ló dùn jù. Ìyá rẹ̀ ni olórí ìjọba Ìlú Ọba nígbà náà. Ní January 1982, Mark gbé 504 wọ Sàhárà nínú ìje yìí, òun àti obìnrin Faransé kan pẹ̀lú mẹkáníìkì. Ó padà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò múra rárá. Irin ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣẹ́, wọ́n di àwátì fún ọjọ́ mẹ́fà. Màmá tí gbogbo ọkùnrin ń bẹ̀rù bú sẹ́kún ní gbangba! Bàbá wọ bàlúù lọ sí Àlùjíríà, kí bàlúù ológun ibẹ̀ tó rí wọn.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tiwa fi ń múra bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Wọ́n ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn kó lè fúyẹ́. Wọ́n jó irin pẹlẹbẹ mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnì nítorí òkúta. Irin tí wọ́n máa tẹ́ sábẹ́ táyà tó bá rì, ti ojú gọ́tà lánlọ́ọ̀dù ni. Èmi ò sọ nǹkan kan. Iyanrìn tó bá wọ ẹ́ńjìnì, á ha á jẹ, ni wọ́n bá fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin bo ibi tó ti ń fa atẹ́gùn. Ìbọ̀sẹ̀ ta ni? Ẹ bi ọmọ Ìyá Alákàrà tó wà ní LAUTECH.

Bàbá Àgbà tó ṣòwò ní Tàmálè ní Gánà kí Busia, olórí ìjọba ibẹ̀, tó lé wọn wálé ní 1969 ló ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ó ní omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ dì. Wọ́n ní ti rédíétọ̀ ti wà ńlẹ̀. Ó ní ti ọ̀nà ọ̀fun yín ni mò ń wí.

Iyanrìn ò fẹ́ táyà líle, ó ní láti dẹ̀ kó lè tẹ́. Wọ́n bá tọ fọkanáísà lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó kí n fi atẹ́gùn sí i ni mo mọ̀. Èló ni kí n gbà láti yọ ọ́?" Wọ́n ná an, wọn ò gbọ́ ara wọn. Ọ̀kan bínú, ó fi ṣóńṣó bíiró tẹ ẹnu táyà, ṣììì! Fọkanáísà dì í mú ní ṣòkòtò: atẹ́gùn òun ni, òun lòun fi síbẹ̀ lánàá!

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni wọ́n ti dán an wò. Ẹni tó yẹ tírélà àti kòtò níbẹ̀, kí ni òkìtì iyanrìn fẹ́ fi dẹ́rù bà á?

Ìje ọ̀hún ò sì dé Dakar mọ́. Wọ́n fagi lé ti 2008 nítorí àwọn apani ní Mauritania, wọ́n kó o lọ sí South America. Láti 2020, Saudi ni. Mo kàn sọ ọ́ lẹ́nu kànga ni o! Láàárọ̀ yìí, Ìyá Alákàrà ti gbé owó àjọ rẹ̀ wá, ó ní kí wọ́n já òun sí Mẹ́kà. Wọ́n ní kò sí ìjókòó lẹ́yìn mọ́. Ó ní àpótí tí òun fi ń jókòó dín àkàrà ńkọ́?