Okùn Ìgbòkun àti Ọgbọ́n Orí Mi

Ọkọ̀ onígbòkun mi jẹ́ irú Lightning, èyí tí ilé iṣẹ́ Sparkman & Stephens ya àwòrán rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1938. Ẹsẹ̀ bàtà 19 ni, òpó rẹ̀ sì gùn ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Etí ọ̀sà ní Igbó Ẹfọ̀n ni mo gbé e sí, níbi tí oòrùn ti ń jẹ okùn látòkè, tí iyọ̀ àti iyanrìn sì ń gé e nínú. Okùn tí a fi ń fa ìgbòkun sókè gba inú òpó, ó gun orí púlì kékeré ní ṣóńṣó. Ojú kan náà ló máa ń jókòó sí lórí púlì yẹn, ibẹ̀ ni tèmi sì ti hu irùngbọ̀n.

Pólíẹ́sítà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ nà ló yẹ kí n rà. Ahun kò jẹ́. Mo ra náílọ́ọ̀nù búlúù tí wọ́n fi ń di ẹrù, lọ́jà Jákàńdè.

Mo fa okùn àtijọ́ jáde pátápátá, mo ká a jọ dáadáa, inú mi dùn. Ìgbà tí mo gbé tuntun dání ni mo wòkè. Ta ni yóò bá mi kì í bọnú òpó?

Bàbá Ìlàjẹ kan tó ń tún àwọ̀n ṣe nítòsí bi mí pé, “Kí lo fi okùn àtijọ́ ṣe?”

“Mo ti yọ ọ́, sà.”

“O yọ ọ̀nà, o wá ń wá ọ̀nà.”

A ní láti sọ òpó kalẹ̀. Bàbá ló pariwo pé kí n kọ́kọ́ wo wáyà NEPA lókè, torí irin ni òpó mi. Òpó ọkọ̀ tirẹ̀, igi lásán ni, ìgbòkun àpò ló wà lórí rẹ̀. Nígbà tí a sọ tèmi kalẹ̀, ó dí ọ̀nà. Ọlọ́kadà kan bi wá bóyá ilé iṣẹ́ rédíò la fẹ́ dá sílẹ̀.

Bàbá já òjé kan lára àwọ̀n, ó so ó mọ́ òwú, ó jù ú sẹ́nu òkè òpó. A gbé orí òpó sókè díẹ̀, òjé yọ̀ wálẹ̀, ó yọ ní ìdí. Mo yára ta òwú mọ́ náílọ́ọ̀nù ní kókó ńlá. Kókó há sí púlì, mo fi agbára fà á, òwú já. Ẹ̀rín pa Bàbá. Ó tún òjé jù, ó fi abẹ́rẹ́ àwọ̀n rán òwú mọ́ ẹnu okùn, ó sì fi téèpù wé e tẹ́ẹ́rẹ́. Okùn gba orí púlì kọjá wẹ́rẹ́.

A gbé òpó nàró padà. Nígbà tí a dé àárín ọ̀sà, náílọ́ọ̀nù ti nà, ìgbòkun rọ bí aṣọ tí wọ́n sá. Mo padà ra pólíẹ́sítà náà ni. Náílọ́ọ̀nù ló ṣamọ̀nà rẹ̀ wọnú òpó.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ okùn tiyín, ẹ rán ẹnu tuntun mọ́ ìdí àtijọ́ kí ẹ tó fa ohunkóhun. Ẹ rà á kó gùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹ lè máa gé ẹnu rẹ̀ lóòrèkóòrè, kí ojú kan má baà máa jìyà lórí púlì. Ẹ sì máa fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án.