Ọ̀gá Àgbà Kòtò Èédú Inú Àjà

Bí ẹ bá rí ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tàbí iṣẹ́ ìṣirò owó, tí èékánná rẹ̀ mọ́ tónítóní láti ọjọ́ tí a ti bí i, tí ó wá jókòó pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kan lọ́wọ́, tí ó ń kun ìdọ̀tí sí ara ẹ̀ńjìnnì kékeré tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní owó tí ó lé ní 100 pọ́n-ùn, ẹ má ṣe rò pé orí rẹ̀ ti dàrú, ẹ má sì ṣe sáré lọ pe ìyàwó rẹ̀, nítorí ìyàwó náà ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́, ó sì ti gbà pé bí ìpín òun ti rí nìyẹn. Onírélùwéè orí tábìlì ni ọkùnrin náà. Èyí tí ó le jù nínú ẹ̀yà wọn sì ni, àní èyí tí kò bìkítà fún ọkọ̀ aláwọ̀ mèremère tí ń kó èrò sáré láti London lọ sí Edinburgh, ṣùgbọ́n tí ó fi gbogbo ọkàn rẹ̀ jìn fún àwọn ẹ̀ńjìnnì kúkúrú, olóoru, eléèéfín, tí wọ́n ń wọ́ èédú àti irin káàkiri ẹ̀yìnkùlé ilé-iṣẹ́ ní ayé ìgbà kan.

Inú àjà ilé rẹ̀ ni ó tẹ ìlú náà dó sí, lórí pákó tí gígùn rẹ̀ kò ju mítà mẹ́ta lọ. Ẹni tí yóò bá dé ibẹ̀ ní láti gun àkàbà, kí ó tẹrí ba, kí ó sì fi orúnkún wọlé, èyí tí ó bá ìlànà ààfin mu. Kòtò èédú wà níbẹ̀, pẹ̀lú òpó gíga oníkẹ̀kẹ́ tí ń fi okùn irin sọ awakùsà kalẹ̀ sínú ilẹ̀. Ilé bíríkì tí èéfín ti sọ di dúdú wà níbẹ̀. Ilé ọtí kan wà ní igun, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò lè ṣí. Ojú ọ̀run tí ó sì kùn sí ara ògiri kò mọ́ rí, nítorí ó ní ní Yorkshire tí òun ń wí yìí, ní nǹkan bí 1955, oòrùn kì í ràn ní ọjọ́ iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ márùn-ún péré ni ìlú náà ní. Láti ọjọ́ tí ó ti fi gúlúù lẹ ẹsẹ̀ wọn mọ́lẹ̀ ni ọ̀kan ti gbé ṣọ́bìrì sókè tí kò tí ì sọ ọ́ kalẹ̀, tí èkejì sì ń ṣáná sí sìgá tí kò tí ì ràn. Nísàlẹ̀ ilé, ẹlòmíràn ni ó ń pinnu ohun tí wọn yóò jẹ, ẹni tí wọn yóò bẹ̀ wò, àti irú aṣọ tí yóò wọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gun àkàbà yẹn tán, òun ni ọ̀gá àgbà, òun ni awakọ̀, òun ni adaná, òun ni akọ̀wé tí ń ka iye èédú tí ó jáde, òun náà sì ni ọwọ́ ńlá tí ń ti òkè ọ̀run wá gbé ọkọ̀ tí ó bá yẹ̀ padà sójú irin.

Bí ẹ bá ṣèèṣì wí fún un pé ohun ìṣeré ọmọdé ni èyí, ẹ ti fa ọ̀rọ̀ tí kò ní tán lálẹ́ ọjọ́ náà. Yóò bọ́ awò ojú rẹ̀, yóò nù ún, yóò sì mú yín padà sí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì ọdún 1804, ní Penydarren ní ilẹ̀ Wales, níbi tí Richard Trevithick ti fi ẹ̀ńjìnnì olóoru wọ́ irin tọ́ọ̀nù 10 àti ènìyàn 70 fún máìlì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10, títí dé Abercynon, ní wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí tẹ́tẹ́ tí Samuel Homfray, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ irin ibẹ̀, bá ọlọ́rọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta. Ẹ̀ńjìnnì náà sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń fọ́ irin tí ó ń rìn lé lórí. Kí ẹ tó mí, ó ti dé Middleton ní Leeds, níbi tí ẹ̀ńjìnnì olóoru ti ń wọ́ èédú lọ sọ́jà ní 1812, ọdún 17 gbáko kí ìdíje ẹ̀ńjìnnì ní Rainhill tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ tó wáyé. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni a tìtorí rẹ̀ bí ẹ̀ńjìnnì olóoru sáyé, pé ẹ̀yìn ìyẹn ni a tó rántí láti kó ènìyàn sínú rẹ̀. “Ẹrù ni onílé,” ni yóò wí, “èrò ni àlejò.” Ẹni tí kò bá sì tí ì jókòó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí láìsí oúnjẹ níwájú kò tí ì mọ ohun tí à ń pè ní sùúrù.

Ọkùnrin yìí tí ó gbàgbé ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀, tí ó sì máa ń fi orúkọ ọkọ àkọ́fẹ́ ọmọ náà pe ọkọ tí ó wà nílé nísinsìnyí, ó mọ oríkì ẹ̀ńjìnnì dé ìran kẹta. Hunslet, ọmọ Leeds, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, a-pọnmi-ṣiṣẹ́, ọmọ ogun ọdún 1943 tí ogun parí tí kò relé, tí ó ya sí kòtò èédú, ọ̀kan nínú 485 tí a rọ ní ìrísí kan náà títí di 1964. Peckett, ọmọ Bristol, akúrú-má-rẹ̀ẹ́, a-ti-wágúnù-bá-igun-ilé-kọjá. Barclay, ọmọ Kilmarnock ní Skọ́tílándì. Bagnall, ọmọ Stafford. Bí ó bá ń kì wọ́n lọ báyìí, ojú rẹ̀ a máa kún fún omi, ohùn rẹ̀ a máa gbọ̀n, akígbe ààfin Ọ̀yọ́ gan-an ì bá sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọkùnrin wa yìí ti rí ọ̀nà gba ẹ̀yìn òwe náà, nítorí àkísà ni ó ń rà fún ọmọ tuntun. Ẹ̀ńjìnnì tí ilé-iṣẹ́ kùn ní ọ̀dà tí ń dán gbinrin ni yóò gbé sílẹ̀ ní alẹ́, tí yóò fi ọ̀dà aláwọ̀ ìpẹtà tọ́ sí etí rẹ̀, tí yóò kun ọ̀rá dúdú sí àyíká kẹ̀kẹ́, tí yóò fa ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ẹnu táǹkì wálẹ̀, níbi tí omi líle ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ì bá ti ṣàn tí ì bá sì gbẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò fi òòlù fọ́ èédú gidi sí wẹ́wẹ́, tí yóò sẹ́ ẹ, tí yóò sì fi ẹ̀mú tò ó sínú wágúnù, nítorí èédú oníke ń rùn sí i.

Níbí ni mo ti máa ń dúró wo ọkùnrin yìí pẹ́. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1947 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba kòtò èédú lọ́wọ́ àwọn olówó, 958 ni kòtò tí ó bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ èédú tuntun ti ìjọba, àwọn ọkùnrin tí ó sì ń ti inú wọn jáde a máa fi ọṣẹ àti kànìnkànìn bá èédú jà kí wọ́n tó jókòó ti oúnjẹ. Àwọn mìíràn gbé tiwọn sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì bá wọn dé sàréè. Ìyàwó wọn kò tọrọ ohun mìíràn ju kí ìdọ̀tí náà kúrò lára aṣọ. Ẹ̀ńjìnnì olóoru kúrò lójú irin ńlá ìjọba ní oṣù kẹjọ 1968, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní àwọn kòtò kan títí wọ àwọn ọdún 1980. Awakùsà daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹta 1984, ó sì di oṣù kẹta ọdún kejì kí wọ́n tó padà lọ́wọ́ òfo. Ní oṣù kejìlá 2015, Kellingley ní Yorkshire, tí í ṣe kòtò jíjìn ìkẹyìn ní ilẹ̀ náà, ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní 2016, ilé-iṣẹ́ Hornby, tí ń ṣe rélùwéè orí tábìlì tà, gbé Peckett kékeré kan jáde, àwọn ọkùnrin irú tiwa yìí sì ń du ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àṣé gbogbo ohun tí ó kù kí èédú ṣe kí àwọn ọmọlúwàbí tó fẹ́ràn rẹ̀ ni kí ó má ṣe ní òórùn mọ́, kí ó má ṣe pa ènìyàn mọ́, kí awakùsà kankan má sì ṣe wà tí yóò béèrè owó iṣẹ́. Nínú kòtò ti inú àjà, ilẹ̀ kì í ya lu ènìyàn, ikọ́ kò sí, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò sí. Àwọn márùn-ún náà sì ń gba ohun tí a ń fún wọn, èyí tí í ṣe òfo, láìsí ìráhùn.

Ẹ má ṣe rò nítorí èyí pé ìrẹ́pọ̀ wà láàrin àwọn ọ̀gá kòtò fúnra wọn. Mìlímítà 4 ni wọ́n fi dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan nígbà tí wọ́n ń ṣe ara ẹ̀ńjìnnì, ṣùgbọ́n ìbú ojú irin tí ọ̀pọ̀ wọn ń rà ní ọjà jẹ́ mìlímítà 16.5, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá jókòó ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé 18.83 ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ohun tí ó fà á ni pé mọ́tò ìgbà àtijọ́ kò lè wọ inú ẹ̀ńjìnnì Gẹ̀ẹ́sì, tí ó tín-ín-rín ju ti àwọn ará Yúróòpù ìyókù lọ. Wọ́n sì so ara ńlá mọ́ ẹsẹ̀ kékeré kí iṣẹ́ lè tẹ̀síwájú. Mìlímítà 2.33 tí ó sọnù yìí ti tú wọn ká yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí ìjọ aládùúrà tí wòlíì rẹ̀ kú láìsọ ẹni tí yóò jogún ọ̀pá. Àwọn kan fara mọ́ 16.5, wọ́n ní Ọlọ́run mọ ọkàn àwọn. Àwọn kan rìn dé 18.2, wọ́n dúró. Àwọn ẹni mímọ́ jù lọ ń fi ọwọ́ ara wọn tẹ́ irin kọ̀ọ̀kan ní 18.83, wọ́n sì ń lo ọdún púpọ̀ lórí ohun tí ẹlòmíràn ń tẹ́ ní ọ̀sán kan, wọn kò sì jẹ́ kí a gbàgbé.

Ní ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń pàdé, nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó ń gbóòórùn tíì àti aṣọ òjò tútù, níbi tí oníkálukú ti pàtẹ ìlú tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa yóò dúró níwájú iṣẹ́ ẹlòmíràn, yóò di ọwọ́ sẹ́yìn, yóò tẹ̀ ba títí imú rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ihò èéfín. “Ó dára o, ọ̀gbẹ́ni,” ni yóò wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Ó dára púpọ̀. Àfi rífẹ́ẹ̀tì kan tí mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì yẹn. Mo rò pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nígbà tí ẹ̀ńjìnnì náà lọ fún àtúnṣe.” Onítọ̀hún yóò rẹ́rìn-ín, yóò dúpẹ́, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú tán, yóò mú abẹ, yóò gé rífẹ́ẹ̀tì náà dànù, yóò sì gbàdúrà kí ọ̀tá òun tún padà wá ní ọdún tí ń bọ̀ kí ó lè rí i.

Kí wá ni ọkọ̀ náà ń ṣe bí a bá tẹ iná sí i? Eré kan wà tí Alan Wright gbé kalẹ̀, Inglenook ni orúkọ rẹ̀: wágúnù 8, ẹ̀ka ojú irin mẹ́ta tí ọ̀kan gba wágúnù 5, tí méjì ìyókù sì gba 3, 3. A ó ṣẹ́ kèké, a ó sì fi ẹ̀ńjìnnì ti wágúnù síwá sẹ́yìn títí márùn-ún nínú wọn yóò fi tò gẹ́gẹ́ bí kèké ti wí. Ọ̀nà 6,720 ni wọ́n sì lè gbà tò. Ọ̀gá wa lè lo wákàtí kan lórí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, pẹ̀lú gbohùngbohùn tí kò tóbi ju owó kọ́bọ̀ lọ tí ń mí hàà-hàà nínú ẹ̀ńjìnnì, tí ó ń súfèé tí ó sì ń tú èéfín tí kò sí, nítorí ìyàwó ilé kò gba èéfín láàyè. Bí ó bá tò ó tán, yóò mí kanlẹ̀, yóò tú u ká, yóò sì ṣẹ́ kèké mìíràn. Èédú náà kò dé ibì kankan.

Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa wí. Iṣẹ́ ti ọkùnrin yìí ni ó ń mú ìṣẹ́ wọlé. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ a máa gba ojú irin lọ ní oṣooṣù, a sì máa padà wá nínú àpótí páálí kékeré tí ó máa ń dúró dè ní ẹnu ọ̀nà kí ẹlòmíràn má baà bá a gbà á. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í ṣe afọ́jú. Yóò gun àkàbà lọ́jọ́ kan, yóò wo orí pákó, yóò ní, “Olólùfẹ́, n kò rí èyí níbí rí.” Ọkọ yóò sì na ìka sí ìpẹtà tí ó bò ó, sí ọ̀rá tí ó gbẹ sára kẹ̀kẹ́, sí ìlà omi funfun tí ó ṣàn wálẹ̀. “Èyí?” ni yóò wí. “Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ní èyí. Wò bí ó ti gbó tó.” Ọjọ́ tí mo gbọ́ ìdáhùn yẹn ni mo tó mọ gbogbo iṣẹ́ tí ìdọ̀tí náà ń ṣe.

Bí ó bá ṣeé ṣe láti mú ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa tí wọ́n ṣe rélùwéè ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta gun àjà yìí, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fi ṣọ́bìrì da èédú Enugu sínú iná lójú ọ̀nà Ìbàdàn tí a ṣí ní 1901, tí òógùn wọn gbẹ mọ́ aṣọ kakí, mo rò pé ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tí ń san owó iṣẹ́ yìí. Bí a bá sì sọ fún un pé òṣìṣẹ́ ni ó ń sanwó kí ó lè ṣiṣẹ́, yóò béèrè ibi tí àkàbà wà.

Síbẹ̀, ènìyàn rere ni. Kò gba ti ẹnikẹ́ni, kò ṣe ọ̀fófó, ohun tí ó sì wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ní gbogbo àdúgbò rẹ̀, òun nìkan ni ó ṣì lè sọ ibi tí ojú irin kòtò gbà kọjá lábẹ́ ilé ìtajà ńlá tí a kọ́ lé e lórí, ẹ̀ńjìnnì tí ó wà níbẹ̀ lọ́dún wo, àti ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún. Àwọn ọmọ awakùsà gan-an ti gbàgbé, tàbí kí ó jẹ́ pé wọn kò fẹ́ rántí. Nítorí náà bí ó bá pè yín wá wò ó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ. Ẹ mú kéèkì díẹ̀ lọ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ẹ tẹrí ba bí ẹ bá dé ẹnu àjà, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ má sì ṣe bi í léèrè ìgbà tí iṣẹ́ náà yóò parí.