Amòfin Tó Wọ Kákí

Amòfin ológun kò pọ̀ ní Tógò, ṣùgbọ́n ìlú tó bá ní ẹyọ kan kì í gbàgbé, nítorí ẹni náà kì í jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Èyí tó bá ti Atakpamé wá, ní nǹkan bíi kìlómítà 160 sí àríwá Lomé, ọmọ Ifẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tí ìwé ìjọba ń pè ní Ana. Agboolé wọn wà ní Gnagna tàbí Djama. Bàbá rẹ̀ ń gbin iṣu, ìyá rẹ̀ ń tajà. Nílé ẹ̀kọ́, òun ni tíṣà máa ń ní kó kọ orúkọ àwọn aláriwo sílẹ̀, a sì máa kọ ti ẹni tó sín pẹ̀lú.

Yunifásítì Lomé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970, ló ti kọ́ òfin. Nígbà tó gba líṣánsì tán, ọ̀nà méjì ló kù: kó máa gbé báàgì agbẹjọ́rò àgbà kan kiri fọ́dún mélòó kan, tàbí kó wọ iṣẹ́ ológun kí owó oṣù máa wọlé. Ìyá rẹ̀ ló bá a yàn. Wọ́n fá orí rẹ̀, wọ́n lé e sáré nínú òjò, wọ́n sì kọ́ ọ pé a kì í béèrè ìdí àṣẹ. Ní yunifásítì, wọ́n ti kọ́ ọ pé àṣẹ tí kò bá nídìí kì í ṣe àṣẹ. Ó kó ẹ̀kọ́ méjèèjì sí àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì jẹ́ kí wọ́n fojú kanra títí dòní.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ kò le. Ṣọ́jà tó pẹ́ dé láti ìsinmi, ọkọ̀ bárékè tó pa ewúrẹ́ ẹni ẹlẹ́ni, opó tó ń wá owó ọkọ rẹ̀: fáìlì lèyí, fáìlì lọ̀hún. Ìgbà tí ọ̀gá bá ti fọwọ́ síwèé tán ló máa ń pè é wọlé láti bi í bóyá òfin gbà á. Òfin a sì gbà á. Láti ìgbà tí Tógò ti ṣe òfin tuntun fún ìdájọ́ ológun ní 2016, ẹ̀dà tirẹ̀, tó fi ọ̀rá bò, kì í kúrò lábẹ́ abíyá rẹ̀, ì báà jẹ́ òkú ló wá sin.

Ibi òkú gan-an lèèyàn ti ń rí i dáadáa. Yóò dé ní Sátidé, kákí rẹ̀ a le gbagidi bíi páálí, a sì gbé mọ́tò sí ibi tí kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ olókùú kọjá. Kápítéènì ni, ṣùgbọ́n Kọ̀máńdà làwọn ará ilé ń pè é, kò sì rí àyè tún un ṣe. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n á ní kó bá àwọn parí ọ̀rọ̀ ààlà oko. Yóò yẹ ọtí sódàbì tí wọ́n bù fún un wò, yóò gbé e mì, yóò sì ṣí ìwé rẹ̀.

“Ọmọ mi,” àgbà kan á bi í jẹ́ẹ́, “ṣé ìwé yìí sọ̀rọ̀ ilẹ̀?”

“Ó sọ̀rọ̀ ìgbọràn, Bàbá.”

Ní oṣù kọkànlá 2023, ilé ẹjọ́ ológun ní Lomé rán Ọ̀gágun Abalo Kadangha lẹ́wọ̀n ogún ọdún lórí ọ̀rọ̀ ikú Kọ́nẹ́ẹ̀lì Bitala Madjoulba, ẹni tí wọ́n pa ní oṣù karùn-ún 2020. Odindi oṣù kan ni Kọ̀máńdà fi ń ròyìn ẹjọ́ náà káàkiri, bí ẹni pé òun ló mú omi fún adájọ́.

Tó bá fẹ̀yìn tì, yóò kọ́lé sórí òkè, yóò gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò sì máa la gbogbo òfin ayé yé aráàlú lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni kì í dá sí: ìdìbò April 2005. Atakpamé wà lára ìlú tí rògbòdìyàn ìdìbò náà le sí jù. Ìròyìn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fojú bu àwọn tó kú jákèjádò orílẹ̀-èdè sí 400 sí 500, ó sì dárúkọ ológun mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n dá ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà sílẹ̀ ní 2009, Bíṣọ́ọ̀bù Atakpamé ìgbà náà fúnra rẹ̀, Nicodème Barrigah, ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Kọ̀máńdà mọ bíṣọ́ọ̀bù. A máa kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyá arúgbó kan á gòkè wá, á tú kókó ìdí aṣọ rẹ̀, á yọ ìwé ẹ̀sùn tó wà nínú ọ̀rá jáde. Ó ti gbó níbi tí wọ́n ń ká a sí. Kọ̀máńdà á wá awò rẹ̀, á kà á látòkè délẹ̀, á tún un ká bó ṣe bá a, á dá a padà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. “Ìyá, ilé ẹjọ́ alágbádá ló ni èyí. Kì í ṣe tiwa.” Á sì ní kí wọ́n fún ìyá lómi mu.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ 72 làwọn ẹbí gbé lọ sílé ẹjọ́ Atakpamé, Amlamé àti Lomé. A kò tíì gbọ́ pé wọ́n wádìí ìkankan nínú wọn délẹ̀.