Ọmọláńgidi Tó Fẹ́ Dá Wa Láṣọ

Ẹni tí yóò dáni láṣọ, tọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹni tí yóò máa dá wa láṣọ kò ní ní orí tí ọrùn yóò gbé. Ẹ gba Ìṣẹ́yìn kọjá, tàbí kí ẹ ya ọjà Ṣakí, ẹ ó bá a níwájú ìsọ̀: ọmọláńgidi onírọ́bà tí wọ́n gé lọ́rùn, tí ọwọ́ méjì àgbàlagbà fẹ́rẹ̀ẹ́ ká ìbàdí rẹ̀ tán, tó ta àyà síwájú bí ẹni tó ń wá ìjà.

A wo tọrùn rẹ̀ lóòótọ́. Sányán ló wà níbẹ̀, ó sì rẹwà. Ẹ wá rọra yí sẹ́yìn rẹ̀. Pínnì ló tò lọ bẹẹrẹ, pẹ̀lú péègì tí wọ́n fi ń sá aṣọ, tí wọ́n fi há gbogbo ohun tó ṣẹ́kù nínú aṣọ náà mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìyá ìyàwó tó ti Èkó wá kò débẹ̀. Iwájú ló dúró sí, ó nàka: "Bàbá, bí tèyí ṣe rí gẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ kó rí lára ọmọ mi." Bàbá onísọ̀ ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Màmá." Kò sẹ́ni tó dárúkọ pínnì.

Ní 2021, àwọn Hisbah, ẹ̀ṣọ́ Ṣàríà ní Kánò, pàṣẹ pé ọmọláńgidi tó lórí kò gbọdọ̀ dúró níwájú ìsọ̀ mọ́. Aláìlórí ni kí oníṣòwò máa lò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni tiwọn, wọ́n ní ó jọ ère. Ní Òkè Ògún, ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún wa. Orí tí ọmọláńgidi kò ní, tiwa la fi dí i.

Bẹ́ẹ̀ aṣọ òfì kò mọ ọmọláńgidi rí. Ọkùnrin tó jókòó sídìí òfì na òwú rẹ̀ gbọọrọ síwájú, ó fi òkúta tẹ ìdí rẹ̀ kó lè le, ó wá ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí íǹṣì mẹ́rin sí mẹ́fà. Ìwọ̀nyí la ń tò mọ́ra létí-létí títí yóò fi di ìró tàbí agbádá. Agbádá kò ní ìbàdí. Èjìká ló gbé e, ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ ló sì ń ká a sókè, bó bá yọ̀ sílẹ̀, á tún ká a. Ọmọláńgidi tó fọwọ́ lé ìbàdí láti àárọ̀ títí di alẹ́, kí ni yóò fi ká tirẹ̀? Ìró ńkọ́? Abẹ́ ìró àwọn ìyá wa àtijọ́ kò ṣófo, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi aṣọ wọn han aráyé, kó kọ́kọ́ fi òwú kún ìdí ère rẹ̀.

Ẹ̀wù ilẹ̀ Adúláwọ̀ kì í ṣe ọmọ àná. Ní ìlú Ulm ní Jámánì, ẹ̀wù méjì tó ti Allada wá, nílẹ̀ Benin òde òní, ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Oníṣòwò kan, Christoph Weickmann, ló kó wọn pamọ́ pẹ̀lú ọpọ́n Ifá kan. Ìwé àkójọ ẹrù rẹ̀ jáde ní 1659. Ó lé ní igba ọdún lẹ́yìn èyí, ní 1867, kí ilé iṣẹ́ Stockman tó bẹ̀rẹ̀ ní Paris, tó ń ṣe ọmọláńgidi fún àwọn aránṣọ. Aṣọ ló ṣáájú ọmọláńgidi dé ayé.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ ìfihàn aṣọ àtijọ́ mọ èyí. Wọn kì í fi tipátipá wọ aṣọ fún ère. Aṣọ ni wọ́n máa ń wọ̀n: èjìká, àyà, gígùn. Wọ́n á wá ère tó kéré sí i, wọ́n á sì máa fi òwú àti aṣọ fífọ̀ dì í títí yóò fi kún inú aṣọ náà láìnà án. Ní Japan, Kyoto Costume Institute, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, ṣe ère tirẹ̀ ní oríṣiríṣi, nítorí bí kọ́sẹ́ẹ̀tì ṣe fún obìnrin Yúróòpù ní ọ̀rúndún kan kọ́ ló ṣe fún un ní ìkejì. Agbádá kò tilẹ̀ bèèrè tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá tó gba apá rẹ̀ méjèèjì kọjá, tí a fi aṣọ rírọ̀ wé, ti tó o. Mo mọ̀ pé ọ̀pá kì í tajà. Ọ̀pá kò láyà.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má tún aṣọ dá. Ṣadé Thomas-Fahm, aránṣọ tó ṣí ìsọ̀ ní Èkó ní nǹkan bí 1960 lẹ́yìn tó kọ́ṣẹ́ ní London, fi síìpù sí ìró, ó sì ṣe gèlè tó jẹ́ pé ká kàn dé e bíi fìlà ni. Obìnrin tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ ló rò. Ọmọláńgidi ni télọ̀ tiwa rò. Kọ́sẹ́ẹ̀tì tí Kyoto ń ṣe ère fún nítorí ó ti di ohun àtijọ́, òun gan-an la ń fi òfì rán báyìí. Télọ̀ á fi sísọ́ọ̀sì la àárín aṣọ tí bàbá kan fi ọjọ́ gbọọrọ hun, òwú á bẹ̀rẹ̀ sí tú, á fi áyọ́ọ̀nù lẹ gọ́ọ̀mù mọ́ ọn lábẹ́, á ki eegun rọ́bà bọ ìhà rẹ̀. Ìyàwó á febi pa ara rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó lè bá ẹni tí kò jẹun rí dọ́gba.

Ó di Sátidé. Ìyàwó jó wọlé, ijó èjìká nìkan, torí ìdí kò ráyè. Alága ìjókòó ní kó kúnlẹ̀ níwájú bàbá àti ìyá rẹ̀ kó gba àdúrà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dì í mú lábíyá lọ́tùn-ún lósì, wọ́n rọra ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bàbá gbọ́wọ́ lé gèlè, ó súre. Síìpù ló kọ́kọ́ ṣe àmín.