Ìwé Ti Pọ̀ Jù Lórí Pẹpẹ Ìwé Mi

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin èrò ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan wọ pálọ̀ mi níbí n'Ìbàdàn, ó wo pẹpẹ ìwé mi lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó fajú ro, ó ní: "Ẹ má bínú, Dádì, ìwé ti pọ̀ jù lórí pẹpẹ yìí."

Lórí pẹpẹ ìwé! Mo wo ojú ìyàwó mi, mo ní bóyá yóò bá mi dá a lóhùn. Ìyá Bọ́lá ti ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bọ́lá ló fẹ́ lọ sílé ọkọ. Àwọn àna ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ìyá rẹ̀ sì ti búra pé wọn ò ní bá pálọ̀ wa bó ṣe wà. Wọ́n kun ògiri, mi ò sọ̀rọ̀. Wọ́n pààrọ̀ kọ́tíìnì, mo sanwó. Ìgbà tó kan ìwé ni wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi, ó ti di ti ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀ṣọ́ ilé. Ọmọbìnrin tó wọ pálọ̀ mi yẹn ni, ọmọ ọ̀rẹ́ Ìyá Bọ́lá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ó kọ́ṣẹ́ náà. Fídíò ni èmi máa ń bá a níbi tó ti ń wò.

Mo kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n pé, bó bá jẹ́ pẹpẹ tuntun la fẹ́, ẹ jẹ́ n ránṣẹ́ sí káfíńtà mi. Kó lọ bá mi ra ìrókò tàbí apá lọ́wọ́ àwọn onípákó ní Bódìjà, igi tí ikán máa tọ́ wò tí á sì bá tirẹ̀ lọ. Bí owó ò bá ká a, kó ra arère. Arère fúyẹ́, ayùn kì í bá a jà, kòkòrò ló fẹ́ràn rẹ̀, a ó sì ti foògùn kùn ún kí wọ́n tó kàn án. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìrókò ti di igi àwọn bàbá àgbà. Ilé ìtajà kan ni wọ́n gbà lọ, wọ́n sì gbé èyí tó funfun báláú wálé, èyí tí wọ́n fi pákó lílọ̀ àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀. Funfun, nílùú tí eruku ọyẹ́ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé! Mo ní ó kéré tán kí wọ́n bá wa fi ilẹ̀kùn gíláàsì sí i. Wọ́n ní wọn kì í ṣe ilẹ̀kùn sí i mọ́ láyé òde òní.

Ọjọ́ tí wọ́n lọ rà á, èmi náà tẹ̀lé wọn dé ilé ìtajà ọ̀hún. Mo fi ọwọ́ wọn pákó náà, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kò sí ẹsẹ̀ kankan láàárín tó gbé e dúró. Mo wá pe ọmọkùnrin tó ń tajà, mo ṣe ìṣirò fún un. Ìwé ẹlẹ́yìn líle tó kún ẹsẹ̀ bàtà kan máa ń wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 10. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kílò 40. Ó kù díẹ̀ kó tó àpò ìrẹsì kan, ẹ sì fẹ́ gbé e lé pákó tí kò nípọn ju ìka mi lọ. Irú pákó alátẹ̀pọ̀ yìí kò yẹ kó kọjá ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ láìjẹ́ pé nǹkan gbé e ró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ikùn rẹ̀ á yọ síta kí ọdún tó yípo.

Ọmọ náà tẹ́tí títí mo fi parí. Ó ní: "Bàbá, ṣé ìwé lẹ fẹ́ kó sí i ni?"

Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Wọ́n gbé e wálé.

Òfin ló kàn. Ọmọbìnrin yìí ní ìdá kan nínú mẹ́ta pẹpẹ ni ti ìwé, ìdá kan ni ti ohun ọ̀ṣọ́, ìdá kan yóò ṣófo kí ojú lè sinmi. Ojú ta ni? Ojú tèmi kì í rẹ̀ níbi ìwé, ibi owó iná ni í ti í rẹ̀ ẹ́. Ó tún ní ohun ọ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún, pé méjì kì í dùn-ún wò. Ìgbó-Ọrà tí wọ́n ti ń bí ìbejì lójoojúmọ́ kò jìnnà síbi tó dúró sí tó ti ń sọ ọ́ o! Báyìí ni ìkòkò mẹ́ta tí kò sí òdòdó nínú wọn ṣe wọlé, tí erin alámọ̀ kan wọlé, tí àbẹ́là ńláńlá márùn-ún wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n mú iná lọ, mo nawọ́ sí ọ̀kan nínú àbẹ́là náà, Ìyá Bọ́lá figbe ta láti inú òkùnkùn pé kí n má dán an wò, ọ̀ṣọ́ ni. Abẹ́ erin sì ni wọ́n tẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè mi sí. Bí ọ̀rọ̀ kan bá rú mi lójú, mo ní láti kọ́kọ́ gbé erin.

Kí n má purọ́, ayé rúùmù dífáídà tí à ń kó ìwé sí tẹ́lẹ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Ife tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi mumi ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwo ìrántí òkú àwọn tí a ò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìwé dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì kọjú sí èèyàn.

Èyí tó kù lẹ́yìn ìdá kan nínú mẹ́ta, inú báàgì Ghana-must-go ló wọ̀, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọkùnrin. Àwọn tó ráyè dúró, àwọ̀ ni wọ́n fi tò wọ́n. Fágúnwà kọ ìtàn àròsọ gígùn márùn-ún, láti orí Ògbójú Ọdẹ ọdún 1938 dé Àdììtú Olódùmarè ọdún 1961, mo sì kó márààrún jọ, mò ń ra ọ̀kọ̀ọ̀kan bí owó ṣe ń dé. Èèpo wọn kò bára mu, ni wọ́n bá tú àwọn ọmọ ìyá ká. Achebe nìkan ni orí bá ṣe é. Nígbà tí African Writers Series bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1962, tí Things Fall Apart jẹ́ ìwé àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n ń wọ ìtàn àròsọ, nítorí náà òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lójú kan. Àmọ́ wọ́n ti ìwé kan sáàárín wọn, lórí bí a ṣe ń sin adìẹ. Aláwọ̀ ọsàn lòun náà.

Ìwé tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá sì ti ẹgbẹ́ kankan mu, wọ́n kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sógiri, wọ́n yí ẹnu rẹ̀ sí wa, kí a máa wo ewé lásán. Wọ́n ní àṣà tuntun ni. Tuntun níbo? Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, báyìí ni wọ́n ń tò ó, nítorí pé ṣéènì ni wọ́n fi so ìwé mọ́ pẹpẹ, ọwọ́ iwájú ìwé ni ṣéènì náà sì wà. Ti kàtídírà Hereford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà bẹ́ẹ̀ títí dòní, tòun ti ṣéènì. Àwọn yẹn ń sá fún olè. Ta lèmi ń sá fún?

Ti Johnson ló dùn mí wọra. Ẹ mọ ohun tí ojú The History of the Yorubas ti rí. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ parí lọ́dún 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí London kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Àlùfáà kú lọ́dún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ṣa àkọsílẹ̀ tó kù jọ, ó tún un kọ, òun náà sì ti di olóògbé kí ìwé tó jáde lọ́dún 1921. Ìwé tó ti sọnù ní London rí, pálọ̀ mi ló tún sọnù sí. Alhaji ilé kejì ló jókòó tì mí, ó ń jiyàn pé ọdún méje péré ni ogun Kírìjì fi jà. Mo ní ọdún 16 ni, láti 1877 dé 1893. Ó ní kí n mú ìwé wá. Mo dìde pẹ̀lú ìgboyà, mo dé iwájú pẹpẹ, ewé funfun lọ́tùn-ún, ewé funfun lósì. Mo fa ọ̀kan yọ, ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fa òmíràn, ìwé bí a ṣe ń yan kéèkì. Alhaji ti ń wá bàtà rẹ̀. Títí di ìsinsìnyí ló ṣì ń ròyìn mi fún àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ lábẹ́ igi.

Àwọn àna dé. Ẹ tún gbọ́ èyí o, wọ́n ti fi páálí tí wọ́n ṣe ní àwòrán ìwé kún ibi tó ṣófo. Bàbá ọkọ ìyàwó, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, dìde wá wo ìwé, bí èèyàn gidi ṣe máa ń ṣe. Wọ́n fa ọ̀kan. "Àna, ìwé yìí mà fúyẹ́ o." Wọ́n ṣí i. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ló wà nínú rẹ̀. Kí n tó rí ohun sọ, ìyá tí wọ́n fi ṣe alága ti da orin bolẹ̀, ó ní ẹni bá ṣíwèé nílé àna gbọ́dọ̀ sanwó ìwé. Bàbá sanwó.

Mo rò pé ó ti parí. Ọmọbìnrin náà tún pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Dádì, ìwé aláwọ̀ ewé wa kéré. A nílò bíi ẹsẹ̀ bàtà méjì sí i." Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀. Mo ní kó lọ wá eré orí ìtàgé àti ewì inú African Writers Series, pé aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń wọ̀ láyé ọjọ́un. Ó bi mí bóyá ewé yẹn máa bá kọ́tíìnì mu.

Mi ò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé aláwọ̀ ewé nílé, ẹ fi pamọ́ o, ó ti ń béèrè ẹni tó ní.